Ìkìlọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Tó Ń Tú Àṣírí Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kówó sí báǹkì, ẹ̀yin tí ẹ ń fi káàdì rajà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, àti ẹ̀yin tí ẹ di ipò mú, tí ẹ ń fi owó ìlú ra ẹ̀rọ wọ̀lú, gbogbo yín ni mo ń bá wí. Àwọn baba wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ogun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ti kọ́kọ́ fọn fèrè rẹ̀. Àwọn tó gbọ́ nígbà náà gbàgbé, àwọn tó sì wá lẹ́yìn wọn tún gbàgbé. Bí mo bá dákẹ́, tó wá dé bá wa, ẹ̀bi tèmi náà ni.

Gbogbo wa la ti gbà pé bí wọ́n bá ti fi ẹnà bo nǹkan nínú ẹ̀rọ, ó ti bọ́ lọ́wọ́ olè nìyẹn. Káàdì ATM tó wà nínú àpò yín, káàdì SIM tó wà nínú fóònù yín, ẹ̀rọ POS tó wà lórí tábìlì ọmọbìnrin tó ń sanwó fún yín ní oríta, gbogbo wọn ló ní ṣíìpù kékeré nínú. Inú ṣíìpù yẹn ni kọ́kọ́rọ́ àṣírí wà. Nọ́ńbà gígùn kan ni, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀, títí kan ẹni tó ni káàdì pàápàá. Òun ni ṣíìpù fi ń jẹ́rìí fún báǹkì pé ojúlówó ni òun, òun kì í ṣe ayédèrú. Nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà mú wa kúrò lórí káàdì onílà dúdú ní nǹkan bí 2010, tó ní kí gbogbo báǹkì bọ́ sórí káàdì oníṣíìpù, oore ńlá ló ṣe fún wa, nítorí ẹ̀dà káàdì àtijọ́ yẹn kò ṣòroó ṣe rárá.

Ìṣirò tí wọ́n fi ṣe ẹnà inú ṣíìpù le lóòótọ́. Bí wọ́n bá kó gbogbo kọ̀ǹpútà ayé jọ, tí wọ́n ní kí wọ́n máa méfò kọ́kọ́rọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò ní í rí i já títí àwa àti ọmọ ọmọ wa yóò fi lọ. Ṣùgbọ́n ìṣirò kì í dá ṣe ara rẹ̀. Ṣíìpù ló ń ṣe é, ṣíìpù sì ní ara. Ara yẹn ń jẹ iná, ó ń gba àkókò, ó ń dún, ó sì ń tú ìtànṣán jáde bíi ti rédíò. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ti ń fetí sí i kò ní í bá ìṣirò jà rárá. Ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà wọlé.

Bí obìnrin kan bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tó ń gúnyán nínú yàrá, ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò rí i. Síbẹ̀, ó mọ ìgbà tí kókó ṣì wà nínú iṣu, ó mọ ìgbà tó ta omi sí i, ó sì mọ ìgbà tí iyán ti kúnná. Ìró odó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bí ṣíìpù ṣe ń tú àṣírí ara rẹ̀ náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín kedere, kí ẹ má baà rò pé àlọ́ ni mò ń pa. Ẹnà kan wà tí wọ́n ń pè ní RSA. Rivest, Shamir àti Adleman ló gbé e kalẹ̀ ní 1977. Nínú ṣíìpù, 0 àti 1 ni wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ tó di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí ṣíìpù bá ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó rọrùn jù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa mú wọn. Bó bá kan 0, iṣẹ́ kan péré ni yóò ṣe: yóò fi nọ́ńbà ọwọ́ rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Bó bá kan 1, iṣẹ́ méjì ni: yóò ṣe ti àkọ́kọ́ yẹn, yóò sì tún fi nọ́ńbà mìíràn sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀. Ẹ wá mú ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ sókè sódò, ẹ so ó mọ́ ibi tí ṣíìpù ti ń gba iná. Lójú ẹ̀rọ yẹn, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò yọ bí òkè. Ibi tí òkè kan bá ti dá wà, 0 ni. Ibi tí òkè méjì tí kò jọra bá ti tẹ̀ léra, 1 ni. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, tí ẹ ń kà á lọ sí apá ọ̀tún, ẹ ti ka kọ́kọ́rọ́ náà tán. Ẹ kò fọ́ ohunkóhun. Ṣíìpù fúnra rẹ̀ ló kà á fún yín.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Paul Kocher, ló fi hàn ní gbangba ní 1996 pé àkókò tí ẹ̀rọ fi ń ṣe ìṣirò nìkan tó láti tú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ní 1999, òun pẹ̀lú Joshua Jaffe àti Benjamin Jun tún gbé èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde. Wọ́n ní bí ohun tí ṣíìpù ń sọ bá tilẹ̀ kéré bíńtín, tí ariwo bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, kò tíì bọ́. Ẹ gba bó ṣe ń jẹ iná sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún gbà á, títí dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, kí ẹ wá fi ìṣirò pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ariwo yóò pa ara rẹ̀ rẹ́, ohùn kékeré yẹn ni yóò sì kù. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ní ariwo nìkan lòun fi ń dáàbò bo ẹ̀rọ òun ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Ẹ má sì rò pé 1996 lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ní 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ̀rọ ẹnà kan wà tí iléeṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn ọmọ ogun. 131-B2 ni orúkọ rẹ̀. Ẹnjiníà kan ní iléeṣẹ́ náà ṣàkíyèsí pé nígbàkúgbà tí ẹ̀rọ yìí bá ti sún, ẹ̀rọ ayàwòrán-iná kan tó wà ní ibi tó jìnnà sí i nínú ilé kan náà máa ń fò sókè. Ó wò ó fínnífínní, ó sì rí i pé òun lè ti inú ìfòsókè wọ̀nyẹn ka ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà ń bò.

Wọ́n sọ fún àwọn ológun, àwọn ológun kò gbà. Wọ́n ní kí wọ́n fẹ̀rí hàn. Ni àwọn ará Bell bá lọ jókòó sínú ilé kan ní òpópónà Varick ní New York, ní òdìkejì ilé tí àwọn ológun ti ń fi ẹnà ránṣẹ́. Àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 80 ló wà láàárín ilé méjèèjì. Wọ́n gba ohun tó ń tú jáde sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Nígbà tó fi máa di wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n ti kó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀rọ̀ àṣírí ọjọ́ yẹn síwájú àwọn tó ni ín.

Kí ni wọ́n wá ṣe sí i? Àwọn ará Bell dá àbá mẹ́ta: kí wọ́n fi irin bo ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sẹ́ ohun tó ń gba ojú okùn jáde, kí wọ́n sì fi nǹkan mìíràn bo ohùn rẹ̀. Wọ́n tún ọ̀kan ṣe gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ó ń gbóná, ó sì nira láti lò, yóò sì di dandan kí wọ́n kó gbogbo èyí tó wà lójú ogun padà wá sí iléeṣẹ́. Àwọn ológun ní wàhálà yẹn ti pọ̀ jù. Wọ́n kàn pàṣẹ fún àwọn ọ̀gágun pé kí wọ́n máa ṣọ́ àyíká ẹ̀rọ wọn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 100. Nígbà tí ogun parí, ọ̀rọ̀ náà bá ogun lọ. Ó di 1951 kí àjọ CIA tó tún ṣàdédé bá àṣírí kan náà pàdé lára ẹ̀rọ kan náà, tí wọ́n rí i pé èèyàn lè dúró ní ìdá mẹ́rin máìlì lójú okùn kó máa ka ohun tó yẹ kó wà ní ìkọ̀kọ̀. Ìtàn yìí wà lábẹ́ èdìdì ìjọba Amẹ́ríkà títí di 2007.

Ìdí tí mo fi dúró lórí ìtàn yìí ni pé gbogbo ohun tí a ń ṣe lónìí ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n mọ̀. Wọ́n fojú rí i. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà gan-an ló wá tú u síta, tó sì mú àtúnṣe wá pẹ̀lú. Owó àti ìnira ni wọ́n wò tí wọ́n fi gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbàgbé sì parí iṣẹ́ tó kù. Bí ìjọba tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ bá lè ṣe báyìí lójú ogun, kí la rò pé báǹkì tàbí iléeṣẹ́ tó ń wá èrè yóò ṣe lákòókò àlàáfíà, bí aráàlú kò bá béèrè?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kò fi ìmọ̀ yìí sílẹ̀. Peter Wright, tó ṣiṣẹ́ fún MI5, àjọ àṣírí ìjọba wọn, sọ nínú ìwé rẹ̀ Spycatcher tó jáde ní 1987 bí wọ́n ṣe fi gbohùngbohùn sínú fóònù tó wà nítòsí ẹ̀rọ ẹnà ní iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba Íjíbítì ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1956 tí wàhálà Suez ń lọ lọ́wọ́. Láràárọ̀ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá ń yí àwọn kẹ̀kẹ́ inú ẹ̀rọ Hagelin wọn sí ipò ọjọ́ náà, ìró kẹ̀kẹ́ ń sọ fún àwọn tó ń gbọ́ ibi tí díẹ̀ nínú wọn dúró sí. Èyí tó kù, wọ́n fi ìṣirò wá a rí. Ògiri létí, a ti ń wí i tipẹ́.

Ohun tó ń jẹ àwọn ìjọba ńlá lówó gọbọi nígbà náà ti wá di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe lórí tábìlì. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ruhr tó wà ní Bochum, ní Jámánì, gba bí iná ṣe ń lọ nínú ẹ̀rọ KeeLoq sílẹ̀. KeeLoq ni wọ́n fi sínú ọ̀pọ̀ rìmóòtù tó ń ṣí mọ́tò àti ilẹ̀kùn gáréèjì. Wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ ìpìlẹ̀ tí olùṣe rẹ̀ fi ṣe gbogbo rìmóòtù rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò nílò láti fọwọ́ kan rìmóòtù ẹnikẹ́ni mọ́. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìgbà méjì tí ó sọ̀rọ̀ lójú afẹ́fẹ́, wọ́n lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ní 2013, Daniel Genkin, Adi Shamir àti Eran Tromer ní Ísírẹ́lì gbé fóònù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká, wọ́n jẹ́ kó máa gbọ́ ohùn tín-ín-rín tí àwọn ohun èlò inú rẹ̀ ń dún nígbà tó ń tú ẹnà RSA, wọ́n sì ka kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ní 2015, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Ṣáínà kan, Yu Yu, ti Yunifásítì Shanghai Jiao Tong, fi hàn pé bí iná ṣe ń lọ nínú káàdì SIM onípele 3G àti 4G lè tú kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀, kí wọ́n sì ṣe ẹ̀dà káàdì náà. Ní 2023 sì rèé, Ben Nassi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kámẹ́rà aṣọ́lé dúró ní mítà 16 sí ẹ̀rọ tó ń ka káàdì. Iná pínníṣín tó ń sọ pé ẹ̀rọ ti tàn ni kámẹ́rà ń wò. Bí iná yẹn ṣe ń pọ̀ tó ń dín, lọ́nà tí ojú lásán kò lè rí, ló tú kọ́kọ́rọ́ káàdì náà fún wọn.

Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Thomas Roche, ti iléeṣẹ́ NinjaLab, kéde ohun tó rí nínú ṣíìpù tí iléeṣẹ́ Infineon ní Jámánì ṣe. Inú YubiKey 5 ló ti bá a, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ kékeré tí àwọn èèyàn ń kì bọ kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó lè wọlé sórí ìkànnì wọn. Ìṣirò kan wà nínú rẹ̀ tí àkókò rẹ̀ kò dọ́gba. Bí nọ́ńbà àṣírí bá ṣe rí ni yóò ṣe pẹ́ sí. Roche gbé ọ̀pá kékeré tó ń gba ìtànṣán sún mọ́ ṣíìpù náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì fi ìṣirò wá kọ́kọ́rọ́ jáde níbẹ̀. Gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bí €11,000 lọ. Lóòótọ́, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí kọ́kọ́rọ́ náà gbà sọ́wọ́, kó sì tú ìhà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: ọdún 14 ni àléébù yẹn ti wà nínú àwọn ṣíìpù Infineon, àyẹ̀wò tó lágbára jù lọ, bíi 80, ni irú àwọn ṣíìpù náà sì ti gbà kọjá láàárín àkókò yẹn láìsí ẹni tó rí i. Iléeṣẹ́ Yubico, tó ń ṣe YubiKey, tún ti inú àwọn tuntun ṣe láti ẹ̀yà 5.7 lọ sókè. Àwọn tó ti wà lọ́wọ́ èèyàn tẹ́lẹ̀ kò ṣeé tún inú wọn kọ. Bí wọ́n ṣe rí ni wọn yóò ṣe máa wà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n wá bá oníkálukú wí ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣe ẹ̀rọ, tí ẹ ń kọ ètò fún un, ọ̀dọ̀ yín ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ wà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà àṣírí máa pinnu ọ̀nà tí ètò yín yóò gbà tàbí bí yóò ti pẹ́ tó. Kí 0 àti 1 gba iṣẹ́ kan náà, kí wọ́n gba àkókò kan náà. Ẹ pín àṣírí sí méjì tàbí mẹ́ta: ẹ fi nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá láìròtẹ́lẹ̀ pò ó, kí ṣíìpù máa bá ìpín kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀, kí ẹni tó bá gbọ́ ìpín kan má lè rí nǹkan kan dì mú. Nígbà tí ẹ̀rọ bá tún ṣiṣẹ́, nọ́ńbà tuntun ni kó lò. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo sínú gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ ń tà. Ẹ ti gbọ́ ohun tí ìyẹn fà fún KeeLoq. Ẹ sì máa pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ kó tó ṣiṣẹ́ pẹ́ jù, nítorí ẹni tó nílò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láti gbọ́ kọ́kọ́rọ́ kan kò ní í rí i gbọ́ bó bá ti lọ kó tó kà dé ọgọ́rùn-ún.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tán, ẹ wọ̀n ọ́n. Ohun tí ẹ kọ sínú ètò yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ṣíìpù. Ètò tó ń sọ iṣẹ́ yín di èdè ẹ̀rọ lè rí ìṣọ́ra yín bí ohun tí kò wúlò, kó gé e dànù láìsọ fún yín. Okùn tín-ín-rín inú ṣíìpù lè tún ìpín méjèèjì pò lẹ́yìn tí ẹ ti pín wọn. Ẹ so ẹ̀rọ ayàwòrán-iná mọ́ ọn, kí ẹ fetí ara yín gbọ́ ohun tó ń sọ, kí olè tó gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní yunifásítì àti politẹ́kíníìkì wa, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí sí ojú pátákó nìkan. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ka kọ́kọ́rọ́ kan jáde látinú ṣíìpù kò ní í ṣe ṣíìpù tó ń sọ̀rọ̀ láéláé. Irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní ChipWhisperer, èyí tí Colin O'Flynn dá sílẹ̀. Wọ́n tẹ́ ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, owó ẹ̀yà rẹ̀ tó kéré jù lọ kò sì tó ti fóònù tó dára. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó bá ń ra àga aláwọ̀ fún ọ́fíìsì ọ̀gá lágbára láti ra irú rẹ̀ márùn-ún fún àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ̀rọ fún báǹkì, fún àjọ ìdánimọ̀, fún ètò ìdìbò àti fún iléeṣẹ́ fóònù, ẹ jọ̀ọ́, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fi òǹtẹ̀ tó wà lára ìwé ṣe ìgbàgbọ́. Òǹtẹ̀ dára, ẹ béèrè fún un. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìlànà àyẹ̀wò FIPS 140-3 ní 2019, ó sì sọ̀rọ̀ nípa irú ìkọlù yìí. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò bí 80 ni ìṣòro Infineon gbà kọjá. Ohun tí òǹtẹ̀ ń sọ ni ohun tí wọ́n wò àti ọjọ́ tí wọ́n wò ó. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí àléébù bá yọ lọ́jọ́ iwájú, ẹni tó ta ẹ̀rọ ni yóò tún un ṣe tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀ lówó ara rẹ̀. Ẹ kọ iye ọdún tí káàdì yóò fi ṣiṣẹ́, kí ẹ sì ya owó ìpààrọ̀ sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ra èyí tó pọ́ọ́kú lónìí láìbéèrè, ẹ jẹ́ kó rántí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ POS, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tún un ṣe, iṣẹ́ ọlá ni iṣẹ́ yín, ọwọ́ yín sì ni owó ìyá arúgbó wà. Wọ́n ṣe ojúlówó ẹ̀rọ POS lọ́nà tí yóò fi mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá tú ìdí rẹ̀, tí yóò sì pa kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ààbò ni wọ́n fi ṣe, kì í ṣe ìyà. Bó bá ti dákú bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó fún yín. Ẹ má gbé e fún ẹni tó ní òun mọ ọgbọ́n tí yóò fi jí i. Ẹ má ra èyí tí ẹlòmíràn ti lò rí lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀. Bí okùn tàbí ike tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé wà lára ẹ̀rọ yín, ẹ pa á, kí ẹ pe iléeṣẹ́ tó ni ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó bitcoin pamọ́ sínú àpò kékeré tó dà bíi USB, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ní oṣù kìíní 2020, àwọn onímọ̀ ní iléeṣẹ́ Kraken fi hàn pé bí wọ́n bá ní Trezor èèyàn, ọ̀kan lára irú àpò bẹ́ẹ̀, lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 15 péré, wọ́n lè mú kí iná rẹ̀ ṣẹ́ lójijì lásìkò tó yẹ, kó ṣi iṣẹ́ ṣe, kó sì gbé àṣírí rẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà àfikún, èyí tí ẹ̀rọ náà kì í fi pamọ́ sínú ara rẹ̀, ló lè gbà yín. Ẹ fi sí i lónìí. Ẹ má sì fi àpò náà sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, ní ọ́fíìsì, tàbí sọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tó ní òun fẹ́ bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin ará ilé gbogbo, n kò fẹ́ kí ẹ̀rù bà yín kọjá bó ṣe yẹ. Olè tó ń pe yín lórí fóònù pé òun ti báǹkì wá, pé kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì fún òun, ṣì pọ̀ ju olè tó ń gba ìtànṣán lọ. Ẹ má dá a lóhùn. Èyí tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí sábà máa ń gbà pé kí olè sún mọ́ ẹ̀rọ, kó sì ní in lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìṣọ́ra yín fi wúlò. Ẹ má gbé káàdì yín fún ẹni tó ní òun ń lọ fi sanwó lẹ́yìn ilé. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní káàdì SIM yín mọ́jú. Bí káàdì tàbí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, tó wá padà dé lọ́nà tí kò yé yín, ẹ má dúpẹ́ tán kí ẹ gbàgbé o. Ẹ lọ ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n fún yín ní tuntun.

Àwọn kan yóò ní kò yẹ kí n sọ èyí síta, pé mò ń kọ́ olè ní olè jíjà. Mo gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n mi ò gbà fún wọn. Olè tó fẹ́ mọ̀ ti mọ̀. Láti 1996 ni ìwé rẹ̀ ti wà níta. Ẹni tí kò mọ̀ ni ẹni tó ń fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ. Àléébù tó wà nínú YubiKey kò jáde nítorí pé ẹnì kan dákẹ́. Ó jáde nítorí pé ẹnì kan jókòó tì í, ó wò ó, ó sì kígbe kí wọ́n lè tún un ṣe. Ìdákẹ́jẹ́ ló jẹ́ kí àwọn ológun 1943 gbàgbé, tó sì di ọdún mẹ́jọ kí ẹlòmíràn tó tún bá a pàdé.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí oníṣòwò kan bá gbé ẹ̀rọ aláṣìírí dé iwájú yín, yálà fún báǹkì ni o, fún ìjọba ni o, tàbí fún ara yín, ẹ jẹ́ kó sọ gbogbo ohun tó fẹ́ sọ nípa bí ẹnà rẹ̀ ṣe le tó. Bó bá parí, ẹ bi í léèrè: ta ló ti gbé ẹ̀rọ yìí kalẹ̀, tó fetí sí iná rẹ̀, sí àkókò rẹ̀ àti sí ìtànṣán rẹ̀, ìgbà wo ló ṣe é, kí ló sì gbọ́? Bí kò bá lè dá yín lóhùn, ẹ má san kọ́bọ̀.